Ọmọ Tí Kò Ké Mọ́

Bí mo bá gbọ́ òórùn kẹrosínì, àyà mi máa ń já. Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí àyédèrú kẹrosínì gbaná nílé wa ní Agége, àpá rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi títí di òní. Ẹni tó bá rí i á ní Ọlọ́run ló yọ mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná yẹn kọ́ ni màmá mi ń sunkún lé lórí títí wọ́n fi kú.

Ọsibítù ló dùn wọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé níbẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti rí ìyá rẹ̀, ẹkún ló máa bú sí, kò sì ní í jẹ́ kí àwọn yòókù sinmi. Màmá mi ní mo ké títí, nígbà tó yá mo dákẹ́. Inú àwọn nọ́ọ̀sì dùn, wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí. Lọ́jọ́ tí màmá mi wá gbé mi lọ sílé, wọ́n nawọ́ sí mi, mo yíjú sí ògiri. "O wò mí bí ẹni wo mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ní báyìí, èmi náà ń tọ́jú ọmọ, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì ní Ìkẹjà. Òfin ibẹ̀ ni pé ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè wọlé nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú kò gbọdọ̀ yọjú títí iṣẹ́ á fi parí. Àwọn ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i, torí bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú nílé wa náà nìyẹn. Wọ́n á fi omi ewúro pa ọmú. Bí kò bá ràn án, wọ́n á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá rẹ̀ á sì fara pamọ́ kó lè gbàgbé. A máa ń rò pé ọmú nìkan lọmọ ń gbàgbé.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí àwa olùtọ́jú ọmọ wá gba ẹ̀kọ́ ní Aláúsá. Obìnrin tó kọ́ wa ní lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ ọsibítù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kì í jẹ́ kí òbí wọlé bó ṣe wù wọ́n. Dókítà kan níbẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ń ṣọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n yà nídìí ìyá. Wọ́n rí i pé ọmọ á kọ́kọ́ ké, lẹ́yìn náà á sorí kọ́, nígbà tó bá yá, á dákẹ́, á máa jẹun. Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá dé, á yíjú kúrò. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní oúnjẹ ló so ọmọ mọ́ ìyá. Dókítà yẹn ní rárá, ìyá fúnra rẹ̀ lọmọ ń fẹ́. Wọ́n ta kò ó gidigidi, kò sì yéé sọ ọ́. Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ gbé kámẹ́rà wọ wọ́ọ̀dù kí ojú àwọn aláìgbàgbọ́ lè rí i.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Mo fi ìborùn bo ọrùn mi. Ó wù mí kí màmá mi ṣì wà láyé.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí ìyá rẹ̀ ń di bisikíìtì sínú páálí. Láti ìgbà tó ti já a lẹ́nu ọmú ló ti ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́ láràárọ̀: a ó fún ọmọ ní nǹkan ìṣeré, ìyá á yọ́ jáde. Ọmọ náà ké, ó ké, ó wá dákẹ́. Á jókòó kọjú sílẹ̀kùn, á di gèlè tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un mú. Ọ̀gá wa, ọkùnrin tí mo lè bí, ló máa ń nawọ́ sí i bí àwọn ìyá tuntun bá dé. "Ẹ wo èyí, ó ti mọ́ra."

Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, mo dìde nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ṣílẹ̀kùn, mo pe ìyá ọmọ náà wọlé. Ọ̀gá dé, ó bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Mo di ilẹ̀kùn náà mú. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, ta ló tún máa gba àgbà bíi tèmi síṣẹ́?

"Màmá, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn."

"Mi ò ní í tì í, sà."

"Bí ìyá rẹ̀ bá ń padà lọ, ó máa pariwo o. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Ojú ìyá rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ó ti gbàgbé mi," ó sì fẹ́ pẹ̀yìn dà. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Jókòó. Kò gbàgbé ẹ. Inú ló ń bí i."

Ó jókòó sórí ẹní. Ọmọ náà ò wò ó. Ẹ̀yìn ló ń fi rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan orúnkún ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yí padà, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a láyà, ó sì figbe ta.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí?" Ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ohun tí mo ń retí nìyẹn."

Nígbà tí ìyá ń padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ní kó má yọ́ lọ, kó sọ ọ́ lójú ọmọ pé òun ń bọ̀. Ọmọ ké. Mo fi ọ̀já gbà á mọ́ra, mo pọ̀n ọ́n títí ó fi rọlẹ̀.

Wọ́n ní wọ́n máa pè mí sí ọ́fíìsì. Wọn ò tíì pè mí. Bí mo bá gbúròó bàtà ọ̀gá, àyà mi ṣì máa ń já. Ṣùgbọ́n tí àkókò ìsinmi bá ti tó, màá gbé àpótí ìjókòó mi sẹ́nu ilẹ̀kùn kó má baà padé mọ́ ìyá kankan, màá sì jókòó lé e.