Ọjọ́ Tí Èdè Ìkálẹ̀ Dá Iṣẹ́ Abẹ Dúró

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí ọkọ̀ tuntun kún gbogbo títì Ore, tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ bá ìyá ọkọ mi fọ́ kòkó ní Ajue. Òjò ṣú lójijì. Bí mo ṣe ń sáré jáde nílé ìdáná kí n lọ kó kòkó tí a sá, mo fi orí gbá igi àtẹ́rígbà. Ìyá ọkọ mi fi àdí ra ibẹ̀ fún mi, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi.” A rò pé ó parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún mi níwájú kíláàsì. Mo mú un, ó tún bọ́. Àwọn ọmọ rò pé eré ni mò ń ṣe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, orí ń fọ́ mi, ahọ́n mi sì ń wúwo. Ọkọ mi háyà Píjó kan, ó di Ìbàdàn.

Ní ọsibítù ńlá tí a lọ, wọ́n ya fọ́tò orí mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dì sábẹ́ agbárí, ó ń tẹ ọpọlọ, àwọn yóò lu ihò kékeré láti fà á jáde. Dókítà obìnrin tó ń fúnni ní oògùn oorun wá jókòó tì mí.

“Ẹ ò ní sùn pátápátá o,” ó ní. “Màá gún yín ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú awọ orí yín kú, màá sì fún yín ní oògùn díẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kò jìnnà síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá.”

“Ẹ máa lu orí mi, kí n sì máa tàkúrọ̀sọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà.”

Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹ̀rín ni mo bú sí.

Ah, oògùn yẹn! Bó ṣe wọ iṣan mi báyìí, ara mi fúyẹ́ bí òwú. Irin tí wọ́n fi ń lu ihò náà ń kùn lórí mi, kò dùn mí rárá, eyín mi nìkan ló ń gbọ̀n. Dókítà oorun ní kí n ka oṣù inú ọdún. Mo kà á tán, mo ní kí àwọn náà kà á. Wọ́n sì kà á! Mo ní kí dókítà oníṣẹ́ abẹ gbé ohùn sókè, pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.

Inú adùn yẹn ni mo wà tí mo fi bọ́ sínú èdè Ìkálẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, n kò tiẹ̀ mọ̀. Dókítà oorun, ọmọ Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi.

“Tíṣà, kí lẹ wí?”

Mo tún un sọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ fún oníṣẹ́ abẹ pé, “Ẹ dúró, sà. Ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú.”

Irin dákẹ́. Èmi nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, inú sì ti ń bí mi díẹ̀ pé kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ni nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ń to irin iṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ Òkìtìpupa ni.

“Ẹ má jáyà, sà. Ọ̀rọ̀ wọn ò dàrú, èdè ilé wa ni. Wọ́n ní ta ló fẹsẹ̀ tẹ aṣọ tí a fi bò wọ́n, ó ń fà wọ́n lọ́rùn, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò.”

Oníṣẹ́ abẹ wolẹ̀. Bàtà tirẹ̀ ni. Ó gbé e kúrò wéré, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, tíṣà.” Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan irin títí ẹ̀rín yóò fi tán.

Ọkọ mi tó ń gbààwẹ̀ níta gbọ́ ẹ̀rín náà, ó rò pé òun ti ṣìnà dé ibòmíì. Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà tán, tí wọ́n tì mí jáde, mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i, mo fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra títí ó fi ké, “Yéè! Ó tó, ó tó!” Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò fi í sílẹ̀.