Ohùn Màmá Mi Nínú Orin Wa

Òórùn ọṣẹ ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀, kí n tó gbọ́ ohùn màmá mi. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi nínú fúláàtì wa ní Peckham, tàwọn taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tí mo bẹ̀ kó dúró tì mí. Má tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ẹ o, Àbẹ̀kẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi ti kú kí wọ́n tó bí mi, kò pé oṣù mẹ́ta láyé. Màmá mi kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbikíbi, kódà nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Inú oríkì mi nìkan ló kù sí. Èmi ọmọ ogún ọdún, ìrọ̀rí ni mo máa ń fi borí.

Mo ti dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀ nígbà yẹn pẹ̀lú àwọn méjì tá a jọ lọ sílé ìwé: ọmọbìnrin òyìnbó kan láti Brockley tó ń lu ìlù, àti ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá. Èmi ni mò ń kọrin. Yàrá kan lábẹ́ afárá ojú irin la ti ń ṣe ìdánrawò, bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lórí wa, a ó dúró kó lọ ná. Màmá mi mọ̀ pé mò ń kọrin, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé yóò tán lára mi bí ọ̀fìnkìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tan fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ láì sọ fún wọn. Mo fi bẹ̀rẹ̀ orin tuntun kan: wọ́n á kọ́kọ́ kì mí, gìtá á wá wọlé. Ká ní ẹ bi mí nígbà náà, ǹ bá ní iyì ni mò ń bù fún màmá mi. Orin yẹn ló gbé wa jáde. Rédíò gbé e, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe àwo orin ránṣẹ́ pè wá, a sì tọwọ́ bọ̀wé. Ojú ibi tí mo máa buwọ́ lù nìkan ni mo wá nínú ìwé àdéhùn náà. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohùn tó wà nínú orin náà ti di tiwọn, àti pé a gbọ́dọ̀ kọ orin náà bó ṣe wà níbi gbogbo tá a bá ti ṣeré.

Ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní Lewisham ni màmá mi ti gbọ́ ohùn ara wọn nínú ẹ̀rọ tó wà lókè àjà. Wọ́n gbé bàtà tí wọ́n mú sílẹ̀, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mo bá wọn ní kíṣìnnì, wọn ò tíì bọ́ kóòtù.

"Ta ló ní kó o fi mí sínú music ẹ?"

"Mummy, ẹ má bínú, it's only ten seconds. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, I swear."

"Ten seconds." Wọ́n wò mí títí. "Ọmọ mi tó kú wà nínú ten seconds yẹn. Ṣé o sọ fún wọn?"

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n fi orúkọ inú páàsìpọ́ọ̀tù pè mí, wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo sì rò pé ẹyin ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ.

Èmi tí màmá mi ò kì mọ́, ẹ̀rọ wá ń kì mí láti ìlú dé ìlú. Mo bẹ máníjà wa pé ká yọ ohùn náà kúrò, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá á gbé ife bíà sókè, wọ́n á máa pariwo "kó dúró tì mí". Mo há. Bí mo bá kúrò, mo ba tàwọn méjì yòókù jẹ́. Bí mo bá dúró, ẹkún màmá mi ni mò ń fi dá àwọn èrò lára yá. Nígbà tó kan àwo kejì, iléeṣẹ́ ní kí màmá mi wá sí sítúdíò wá kì mí sí i. Mo sì lọ bẹ̀ wọ́n o, èmi aláìnítìjú! Wọ́n ń lọ sùtánà ìsìn lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń lọ apá rẹ̀ kan náà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níbi tá a ti ń ṣeré lórí pápá kan tí ẹrẹ̀ kún, ohùn wọn tún jáde láti inú ẹ̀rọ. Mo lanu, nǹkan kan ò jáde. Àwọn èrò bá mi kọ ọ́. Mo gbé máìkì sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn nínú ẹrẹ̀ náà títí mo fi dé títì. Onílù wa sá tẹ̀ lé mi. Ó ní ọ̀rọ̀ mi yé òun, ṣùgbọ́n mo ti pa ẹgbẹ́ wa. Òótọ́ ló sọ, kí òtútù tó dé, a ti tú ká.

Ọ́fíìsì káńsù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ti bí ọmọbìnrin kan. Láràárọ̀, màmá mi á wá jókòó ti ibùsùn rẹ̀. Kí wọ́n tó la ẹnu, wọ́n á kọ́kọ́ yíjú sí mi.

"Fóònù ẹ dà?"

Mà á gbé e lọ sí kíṣìnnì, mà á tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Wọ́n á wá pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á máa ki ọmọ mi ní ohùn jẹ́jẹ́, èmi á sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Oríkì tèmi wà nínú fóònù inú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni láyé yìí tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ. Èmi ni mi ò lè gbọ́ ọ.