Ìyá Onítáìpù Wọ Kíláàsì

Ilé mẹ́ta péré ni yunifásítì ìlú wa ní nígbà tí ìyá yìí gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Onítáìpù. Láàárín ogún ọdún, akẹ́kọ̀ọ́ bo ibẹ̀ bí eéṣú, kọ̀ǹpútà sì rọ́pò ẹ̀rọ àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá rí gbólóhùn tó wọ́, á tún un ṣe láìwí fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó há ìwé mẹ́rin mọ́ abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ mẹ́rin ló kọ ìwé wọ̀nyí, àmọ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ nínú wọn."

Ìyá yára dìde. "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo tún tò, mi ò fi tèmi kún un."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìjà kọ́ ni mo bá wá. Ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀."

"Èmi tí mi ò ka yunifásítì?"

"Iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ ti kà ju tèmi lọ, mà."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ìyá fi ìbẹ̀rù dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ. Ó kọ gbólóhùn kan tó wọ́ sójú pátákó, ó bi wọ́n pé kí ló ṣe é. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rù fò lọ, wákàtí kan sì pé kí ó tó mọ̀.