Ilé Ìdáná Tí Assunta Kò Dáná Nínú Rẹ̀ Rí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń kó kúrò nílé, ìdọ̀tí ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Assunta kì í ṣe irú wọn. Wọ́n ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́, àmọ́ láti ọjọ́ tí Rocco ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣe ni ìyá tó ti Kàlábríà lókè òkun wá yìí tún ń fọlé sí i. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ládùúgbò Fawkner lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, ó fọ gbogbo ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí nǹkan kan sọ sí òun.

Ilé ìdáná wá ńkọ́? Ìyẹn ò gba wàhálà. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará Kàlábríà, ilé ìdáná méjì ni wọ́n máa ń ní. Tinú ilé, ti àlejò ni. Lẹ́yìnkùlé, nínú ilé mọ́tò, ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ tòmátò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Assunta ń nu tinú ilé lójoojúmọ́, kò dáná níbẹ̀ rí.

Sushmita, ọmọ Nepal tó ra ilé náà, wá wò ó fún ìgbà ìkẹyìn. Ó yí bọ́tìnì sítóòfù gáàsì, kò ràn. Ó tún un yí, pàbó. Ó ṣí ààrò tó wà nísàlẹ̀, ló bá bá páálí tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé gáàsì tó ti bàjẹ́ lẹ wá fi páálí sí, kó lè dà bíi tuntun?"

"Èmi kẹ̀? Tuntun ni!"

"Tuntun báwo? Nínú ilé tẹ́ ẹ ti ń gbé kí wọ́n tó bí mi?"

Orí Assunta dàrú. Ṣé ìmọ́tótó ló wá di ẹ̀sùn báyìí? Ká ní ó dọ̀tí ni, ṣé wọn ì bá gba òun gbọ́? Ó yíjú sí Loredana, ọmọ rẹ̀ obìnrin, bí ẹni tó sọnù sọ́jà.

Loredana bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà ò fọwọ́ kàn án. Ta ló wá ni ín?"

"Panu ẹ dé, kó o wá bá mi wò ó!"

Loredana bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sẹ́yìn gáàsì. Ẹnu páìpù ni wọn ò ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ó ṣí i, iná sì ràn.

Ara Sushmita balẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò yé e síbẹ̀. "Màmá, ta lẹ wá ń tọ́jú ẹ̀ dè?"

"Àlejò."

"Àlejò wo?"

Ilé mọ́tò náà ni gbogbo àlejò ń gbà lọ, torí ibẹ̀ lóúnjẹ wà. Nígbà tí Rocco ń ṣàìsàn, tí òtútù ibẹ̀ ń wọ̀ ọ́ léegun, ó bẹ̀ ẹ́ pé káwọn máa jẹun nínú ilé. Assunta ní rárá, epo á ta sára ògiri. Rocco kú, ògiri mọ́. Kí ló ń ṣe òun nígbà yẹn gan-an? Kò mọ̀. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, inú ara rẹ̀ bí i, ojú sì tì í níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n dáná níbí lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé ilé ti di tìẹ."

"Ẹ dáná, màmá. Ebi tiẹ̀ ń pa mí."

Loredana kó páànù àti oúnjẹ wá látinú ọkọ̀. Assunta dín tàtàṣé pẹ̀lú ànàmọ́, bí Rocco ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Epo ta sára ògiri lóòótọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun lóòró, torí kò sí àga mọ́. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, Assunta sáré mú àkísà, àfi bí Sushmita ṣe gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, màmá. Ó tó gẹ́ẹ́."

Assunta fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Nínú ọkọ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn títí wọ́n fi kúrò ládùúgbò.

"Loredana, ṣé wọn ò ní sọ pé ọ̀bùn ni mí?"

"Wọ́n á sọ pé ẹ gbébẹ̀ rí, Mọ́mì."

Assunta ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Ó sunkún.