Ọmọ Mi Ṣe Ìṣirò, Bàbá Gba Máàkì

Mi ò bínú sí ẹ̀rọ. Àwọn ènìyàn ni mo ń bá jà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi wọ kíláàsì àṣekágbá, ìṣirò ló ń dẹ́rù bà á. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, bí kò bá sì yege nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Inú mi wá dùn pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò dé sí ilé ìwé rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Bàbá àgbà kan ní Oǹdó, tó ti kàwé ní ilé ìwé náà rí, ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, àmọ́ ó dé.

Ó dé, ọmọ mi ò fọwọ́ kàn án. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ti fi aṣọ tábìlì bo kọ̀ǹpútà náà bí oúnjẹ àlejò.

"Ẹ ní sùúrù, sà," ni ọ̀gá wí. "Ṣé a máa jẹ iṣu tuntun kí àgbà tó tọ́ ọ wò ni? Bàbá ló máa kọ́kọ́ lò ó."

"Mà, ìṣirò ni, kì í ṣe iṣu."

"Iṣu ni o. Bàbá ló gbìn ín."

Nígbà tó wu Bàbá, ó dé. Ó tẹ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ètò náà. Ẹ̀rọ bi í pé kí ló jẹ́ àròpọ̀ ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Bàbá tẹ ìdá méjì nínú márùn-ún. Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ kí ẹ̀rọ tó fa igi pupa sí i.

"Ẹ̀rọ yìí ò mọ àgbà," ni Bàbá wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ìpàtẹ́wọ́ ò sì dúró.

Bàbá lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ. Tíṣà ìṣirò fẹ́ yọ ọ́, ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Ṣé o fẹ́ lé àgbà kúrò lórí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà ni?" Bí ọmọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ lórúkọ Bàbá nìyẹn, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Gbogbo máàkì rẹ̀ ń bọ́ sórí fóònù kan ní Oǹdó. Bàbá pe ọ̀gá tayọ̀tayọ̀: "Wọ́n ní mo ti mọ áljíbrà! Èmi tí mo rò pé ọpọlọ mi ti gbó."

Níkẹyìn, ẹ̀rọ fún Bàbá ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Mo dìde ìjà. Ọmọ mi fà mí láṣọ.

"Dádì, ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Òun kọ́ ló máa jókòó ṣe ìdánwò."

Ó jókòó, ó ṣe é, ó yege. Ọ̀gá ò lè pa á mọ́ra, ó sọ fún Bàbá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà gan-an. Bàbá ránṣẹ́ pè wá sí Oǹdó. Mo ti to gbogbo ẹ̀sùn mi jọ lọ́nà. Àfi bí a ṣe wọlé tí a bá Bàbá pẹ̀lú bébà àti báírò, tó sún àga fún ọmọ mi.

"Olùkọ́, ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ wá ṣàlàyé fún mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta: kí ló dé tí kì í ṣe ìdá méjì nínú márùn-ún?"