Wọ́kimáànù Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Lé Aránṣọ Kúrò Nílé Wa

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ sọ èyí ṣáájú, kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí má baà rò pé ọjọ́ tó ti pẹ́ ti sọ ọ́ di ẹ̀rín lẹ́nu mi. Láyé ìgbà tí sójà ń ṣèjọba, ní ilé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n fẹ́ lé obìnrin kan kúrò nínú yàrá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí pé ó fi orin sí etí ara rẹ̀. Kò fi dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kò fi jí ẹnikẹ́ni lójú oorun. Etí ara rẹ̀ ni.

Aránṣọ ni obìnrin náà, opó ni. Yàrá kan ló gbà nínú ilé tí èmi náà ń gbé, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tó kọjú sí títì. Láti Shasha títí dé Akọ́wọ́njọ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wá, ojú kan náà ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé aṣọ fún aránṣọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Alágbẹ̀dẹ lè kó kúrò, aṣerunlóge lè kó kúrò, wọ́n á kàn máa béèrè rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá kó kúrò lójijì, ohun tí gbogbo ayé máa sọ ni pé ó ti gbé aṣọ oníaṣọ sá lọ. Tí wọ́n bá lé e níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn.

Èmi ni mo fún un ní wọ́kimáànù náà, àpótí kékeré tí ń kọ kásẹ́ẹ̀tì sí ẹni létí. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni mo ń ṣe. Mo rà á kí n lè máa gbọ́ ohùn àwọn tí mo ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nígbà tí mo bá wà nínú ọkọ̀. Tí ẹ bá bi mí, ohun tó dára ni, àmọ́ ọ̀jẹun ni. Kò pẹ́ tí bátìrì fi ń kú, tí bátìrì bá sì ti ń kú, akọrin tí ohùn rẹ̀ ń dún gooro láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó mu oògùn oorun. À ń sá bátìrì sóòrùn lójú fèrèsé bí ẹni sá èlùbọ́. Bírò la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, kí àjẹkù bátìrì lè dé òpin orin kejì.

Aránṣọ náà ní géèmù bíríkì kan tí oníbàárà rẹ̀ tó ti òkè òkun dé fi ta á lọ́rẹ. Pẹlẹbẹ báyìí ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bíríkì kéékèèké á máa já bọ́ látòkè, ìwọ á máa tò wọ́n kó má ṣe sí àlàfo. Ó ní òun ò ráyè irú ìyẹn. Èmi náà rí i pé mo ti gbọ́ ohùn àwọn olóṣèlú tó fún ìgbà díẹ̀. A bá ṣe pàṣípààrọ̀. Ó gba wọ́kimáànù, mo gba bíríkì.

N kì í ṣe ògbólógbòó atagéèmù o. Mo máa ń ta á nígbà tí mo bá ń dúró de ọ̀gá ìjọba kan tó ní kí n fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì ti gba ẹ̀yìn ilé lọ. Géèmù tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Mo dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkọ̀tun, kò wù mí. Ẹ ó kọ́kọ́ yọ ike géèmù tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ náà, ẹ ó máa fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ná. Tó bá gbà láti ṣí, iná á lọ. Tí iná ò bá lọ, ẹni tó lágbára jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló máa di páàdì tí wọ́n fi ń ta á mú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bíríkì ò níwà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń na èèyàn ní gbangba, kì í sì í ṣe ojúsàájú.

Ìdí tí aránṣọ fi fẹ́ràn wọ́kimáànù kì í ṣe fàájì. Ọkùnrin kan ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní òdìkejì títì, ó sì gbé sípíkà méjì síta tó ga tó àyà mi. Láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ ló ń dán ọjà wò. Aránṣọ sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi téèpù wọn àyà oníbàárà, kí n tó mú bírò, nọ́ńbà yẹn ti fò lọ lórí mi. Ariwo yẹn ló ń gbé e lọ. Mo ti rán ẹ̀wù kan tó jẹ́ pé ọmọ ìyàwó ló bá mu, ìyàwó fúnra ẹ̀ ò lè kì í bọ ọrùn." Nítorí náà ni ó ṣe ń fi orin tútù dí etí mọ́ orin gbígbóná. Ìyafóònù tó ń gbé orin náà sí i létí máa ń yọ̀ bọ́ tó bá tẹríba sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ló bá ń we síkáàfù lé e. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ ò lè rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n onílé wa, ìyá arúgbó kan, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti kí àbúrò rẹ̀. Ó dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ó bá aránṣọ lẹ́nu iṣẹ́. Nílẹ̀ wa, àgbà kì í kọjá lára òṣìṣẹ́ kó má kí i; òṣìṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ìkíni àgbà bọ́ sílẹ̀. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ló wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ:

"Ìyá dúró. Wọ́n ní, 'O kú iṣẹ́ o.' Kò dáhùn. Wọ́n tún ní, 'Ìwọ aránṣọ yìí, o kú iṣẹ́ o!' Ẹ̀gbọ́n, ńṣe ló ń mi orí. Báyìí, báyìí, bí alángbá orí ògiri. Wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún fẹsẹ̀ sí i, tẹ́-tẹ́-tẹ́. Mo fẹ́ pariwo pè é, àmọ́ mo ti fẹnu di tíúbù mú. Ìyá ní, 'Ó dáa.' Wọ́n wọlé."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Orin ló ń mi orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ìyá arúgbó, obìnrin kan kọ̀yìn sí òun, ó ń mi orí sí òun, ó sì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ sí òun.

Kí oòrùn tó wọ̀, onílé, tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, ti pe aránṣọ. "Parí oṣù, kó ẹrù ẹ," ló wí. "Ẹni tí kò lè dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn kò lè gbé inú ilé mi." Nígbà tí aránṣọ fi wọ́kimáànù hàn án láti ṣàlàyé, ó tún bínú sí i. "Ẹ̀rọ ọlẹ! Òun ló ń ba ọmọ aráyé jẹ́. Ẹ wo oníròyìn yẹn náà, àgbàlagbà tó yẹ kó ti níyàwó, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan tíntìn-tíntìn kiri!"

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Alájì yìí kan náà, lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun alásárì, abẹ́ igi fúrúùtù inú ọgbà wa ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jókòó ti ọpọ́n ayò títí di mọ̀gáríbì. Wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa jẹ ọmọ ayò ara wọn. Àṣà nìyẹn. Èmi ta bíríkì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo di ọlẹ. Ọkùnrin òdìkejì fi sípíkà fọ́ àdúgbò létí, oníṣòwò nìyẹn. Obìnrin kan mú orin wọ inú etí ara rẹ̀, tí ẹni tó jókòó tì í pàápàá kò gbọ́, òun ni aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Aránṣọ wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo mú jọ́tà, mo ṣe bí mo ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ fọkanáísà sílẹ̀. Mo sọdá títì lọ bá ọlọ́jà kásẹ́ẹ̀tì, mo bi í bóyá ó gbọ́ nígbà tí ìyá ń kí aránṣọ. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ kí n gbọ́? Mo rí ẹnu ìyá tó ń mì, mo ṣá rò pé wọ́n ń jẹ obì ni. Sípíkà mi ń kọ o jàre!" Mo fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rí tí adájọ́ ń wá nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ ilé ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, gbogbo ayálégbé péjọ sábẹ́ igi fúrúùtù. Alájì jókòó sórí àga, ìyá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́yìn mi, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mo ṣí jọ́tà.

"Alájì, ẹlẹ́rìí méjì ni mo ní."

"Ẹlẹ́rìí?" Alájì wo ojú mi. "Ta ló pe ẹjọ́?"

N kò gbọ́ ìkìlọ̀ inú ìbéèrè náà. Mo ka ọ̀rọ̀ fọkanáísà. Mo ka ti ọlọ́jà kásẹ́ẹ̀tì. Mo ṣàlàyé pé orí mímì kì í ṣe àfojúdi, pé ẹsẹ̀ títẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀sí, pé ohun tí Ìyá rò pé àwọn rí kọ́ ni wọ́n rí.

Ìyá ti ń wo ilẹ̀ látìgbà yẹn. Ó gbójú sókè. "Ọmọ yìí ń sọ pé mo parọ́ ni?"

"Rárá mà, mo ní ẹ ò rí i dáadáa ni."

"Á à. Mo ti fọ́jú."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ìbínú kò jẹ́. Mo kọjú sí Alájì, mo ní, "Ẹ̀yin náà ń ta ayò lánàá, mo kí yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbójú sókè. Ta ni yóò ní kí ẹ̀yin náà kó ẹrù?"

Fọkanáísà nìkan ló sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, àmọ́ gbogbo wa ló gbọ́: "Yéè! Ẹ̀gbọ́n ti pa wá."

Alájì ò pariwo. "N ò retí òpin oṣù mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ṣọ́ọ̀bù yẹn ti ṣófo."

Fọkanáísà fa ẹ̀wù mi. "Ẹ̀bẹ̀ la ní kí ẹ wá bẹ̀, ẹ wá ń ṣe lọ́yà! Ẹni tó jàre náà máa ń kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ni. Ṣé wọn ò bí yín síbí ni?"

Aránṣọ kọjá lára mi. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú ìyá arúgbó, eékún méjèèjì.

"Mà, mo jẹ̀bi."

"Kò jẹ̀bi!" ni mo ké.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́." Kò bojú wẹ̀yìn. "Mà, ìkíni yín bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Etí mi ló dí, ọkàn mi ò dí sí yín. Opó ni mí, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo ba ti gbogbo ọjọ́ jẹ́."

"Kí ló dí ọ létí?"

Ó tú síkáàfù. Ìyafóònù wà níbẹ̀, ó ti tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá na ọwọ́, ó fi ìka kan irin ìyafóònù náà, kò gbé e sí etí, kò sì béèrè ohun tó ń kọ.

"Ṣé èyí wà lórí ẹ lọ́jọ́ náà?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ìyẹn ni pé o ò gbọ́ mi rárá."

"N ò gbọ́, mà."

"Dìde." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ó tó. Ó ti bẹ̀ mí. Àmọ́ ìwọ aránṣọ, n ò fẹ́ kó wà létí ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ o, ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ máa gbọ́ èèyàn."

Ẹ gbọ́ mi o. Ohun kan náà tí mo kà nínú jọ́tà ni obìnrin náà sọ! Òun sọ ọ́ lórí eékún, ó di òótọ́. Èmi sọ ọ́ lórí ìdúró, ó di ìwọ̀sí.

Ṣùgbọ́n Alájì kò tíì fọwọ́ sí i. Ojú rẹ̀ wà lára mi. "Ẹ̀gbọ́n mi ti gba tiwọn. Tèmi ló kù."

Gbogbo ilé kọjú sí mi. N kò jẹ Alájì ní gbèsè ẹ̀bẹ̀ kankan. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, kò dáhùn lóòótọ́. Mo wo aránṣọ. Kò bẹ̀ mí. Ó ṣáà dúró, ó di síkáàfù mú lọ́wọ́, ó ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá wọ́n á ká.

Mo dọ̀bálẹ̀. Àyà mi kan iyanrìn. Alájì fi mí síbẹ̀ díẹ̀, bóyá kó lè dùn mọ́ ọn, kó tó wí pé, "Dìde, oníròyìn. Kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ."

Bí gbogbo èèyàn ṣe túká, mo tẹ̀ lé aránṣọ dé ṣọ́ọ̀bù, mò ń sọ̀rọ̀ lọ: pé kò tọ́, pé òfin ìyá kò bọ́gbọ́n mu, pé ọkùnrin òdìkejì ni ó yẹ kí wọ́n pè sí ìpàdé. Ó gbé wọ́kimáànù lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí àyà mi. Bọ́tìnì kan ti já lára ẹ̀wù mi nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ bọ́ ọ wá."

Mo bọ́ ẹ̀wù, mo dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mi ò dákẹ́. Ó wá bọ́tìnì tó jọ ọ́ nínú agolo, ó ń rán an mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, láìgbójú sókè, "àre lẹ̀ ń wá. Ibi tí màá gbé maṣíìnì sí lèmi ń wá. Ẹ jẹ́ kí n rán tiyín tán, èèyàn mẹ́ta ló ń gba aṣọ lọ́la."

Ó fi eyín gé òwú. Mo gba ẹ̀wù mi, mo wọ̀ ọ́, mo kí i kú iṣẹ́.

"Ẹ ṣé o," ló dá mi lóhùn, kíá.