Ọdún Tí Asimawu Kò Rí Ilẹ̀ Gbígbẹ Sin Ìyá Rẹ̀

Ẹni tó bá ra gààrí Asimawu lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò tún padà sí. Opó ni, ó ti lé díẹ̀ láàádọ́ta ọdún. Abúlé etídò kan tí kò jìnnà sí Abígí ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà Ọmọ́títí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti ọdún mẹ́ta. Láàárọ̀, Asimawu a gbé e jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a gbé e wọlé.

Omi kì í ṣe àlejò lábúlé yẹn. Lọ́dọọdún ni odò ń kún dé ìdí àgbọn tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tí í sì padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí ọkàn Asimawu kò fi mì nígbà tí ọmọ rẹ̀, Nimotalahi, tó wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, pè é lórí fóònù.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Ìyá Àgbà kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Rédíò ní omi tọdún yìí kì í ṣe kékeré.”

“Ta ni yóò wá bá mi tu ẹ̀gẹ́ mi? Oṣù méjì péré ló kù kó gbó. Wọ́n bí mi bá omi yìí, mo mọ ibi tó ń dúró.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kò dá. Nígbà tó di Ọjọ́rú, omi ti kọjá ìdí àgbọn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kan ẹnu ilẹ̀kùn. Asimawu gbé ìyá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ń bọ̀, ó bá kọrí sóko. Omi mù ún dé àyà. Ẹsẹ̀ ló fi ń wá ebè kiri, ó ń fa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tu lábẹ́ omi. Ó rò pé bóun bá rí apẹ̀rẹ̀ méjì kó, òun a padà. Ìkejì kún, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìkẹta.

Nígbà tó délé, omi ti gun orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà wà nínú rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Asimawu, ṣé ìwọ nù un?”

“Èmi ni, ìyá mi.”

“Òtútù ń mú mi.”

Nọ́fíù, apẹja tí ilé wọn jọ kángun síra, ló fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ará abúlé sá sí. Òjò kò dá lórí wọn títí wọ́n fi débẹ̀. Wọ́n to bẹ́ǹṣì pọ̀, wọ́n tẹ́ arúgbó náà sí i. Ikọ́ dé, ibà tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí wọ́n ti kí ìrun àsúbà tán, èémí rẹ̀ já.

Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú pẹ́. Nọ́fíù tukọ̀ lọ wo itẹ́ òkú abúlé, níbi tí wọ́n sin ọkọ ìyá àgbà sí. Ó padà, ó mi orí.

“Ọ̀pá gígùn ni mo kì bọlẹ̀ níbẹ̀ tí kò kanlẹ̀.”

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ilẹ̀ kò tíì jìn dé orúnkún tí omi fi sun kún un. Wọ́n gbẹ́ ibòmíràn, bákan náà ni. Lèmọ́mù dúró, ó ń wo ihò méjì náà. Ìgbà tí oòrùn ti ń yẹ̀ ni wọ́n tó gbé òkú náà sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Abígí. Ọkùnrin kan níbẹ̀, Alàgbà Akínbọ́lá, ará ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kò rí wọn rí, ló fi ẹ̀yìn ilé rẹ̀ hàn wọ́n.

“Ẹ gbẹ́ ẹ síbí. Ilẹ̀ kì í bi èèyàn léèrè ẹ̀sìn.”

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n lò nílé ẹ̀kọ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, rédíò ẹnì kan ń ròyìn orílẹ̀-èdè òkèèrè tí omi gbé odindi ìlú lọ, àti ibòmíràn tí ọ̀dá ti pa màlúù tán nínú agbo. Àwọn èèyàn ń pòṣé. Asimawu gbé ojú sókè.

“Níbo ni wọ́n ń sin òkú tiwọn sí?”

Ẹni tó ni rédíò náà pa á.

Nígbà tí omi fà, òórùn ẹ̀gẹ́ jíjẹrà ló kọ́kọ́ pàdé wọn lójú ọ̀nà. Asimawu tún oko ṣe, ó gbin òmíràn. Lọ́dún kejì, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáwọ́ dúró. Oòrùn jó gbogbo ọ̀pá ẹ̀gẹ́ náà gbẹ síbi tí wọ́n dúró sí. Ló bá palẹ̀ mọ́, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ẹbu gààrí onígààrí ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló ń bó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, ó dédé ní, “Apẹ̀rẹ̀ kẹta yẹn ni.”

“Apẹ̀rẹ̀ wo, Mọ́mì?”

“Méjì ni mo ní mo fẹ́ kó. Ká ní mo padà nígbà tó kún.”

Nimotalahi di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ rọ òjò náà.”

“Mo mọ̀,” ni Asimawu wí. “Ṣùgbọ́n èmi ni mo lọ sóko.”

Nimotalahi fa àwo ẹ̀wà náà súnmọ́ra, àwọn méjèèjì sì ń ṣa á lọ.